Ṣé O Mọ̀? Búrẹ́dì Tó Kọ̀ Kò Tíì Di Àdànù

Kí Ọjà'ba n'Ìbàdàn tó kún láàárọ̀, àwọn tó ń kiri búrẹ́dì ti na ọ̀nà Bẹẹrẹ dé Bẹyẹrúnkà. Ẹni tó bá ra tirẹ̀ ní gbígbóná lẹ́sẹ̀ òkè Màpó, á fi ẹ̀wà lé e, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó dáná rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé ìyẹ̀fun lè kọ̀ kó má wú, pé ààrò lè gbóná jù, pé kéèkì lè wọlẹ̀ lójú ẹni. Ká wo díẹ̀ nínú àwọn oúnjẹ tó kọ́kọ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sè é, tí wọ́n padà di àwárí.

Ká tó dé ìdí ààrò, ṣé o mọ̀ pé ohun tí ìyà fi lé àwọn ará Ìbàdàn lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń yan lónìí? Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí ogun tú ìlú àkọ́kọ́ ká, nítorí pé wọ́n tú aṣọ egúngún láàrin ọjà, Lágelú tó tẹ ìlú náà dó àtàwọn ọmọ rẹ̀ sá gun orí òkè. Èso òro àti ìgbín ni wọ́n rí jẹ níbẹ̀. Wọn ò ju ìkarahun ìgbín nù, òun ni wọ́n fi ń mu ẹ̀kọ. Lónìí, kò sẹ́ni tó lè ki Ìbàdàn délẹ̀ kó má dárúkọ òro àti ìgbín.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó yẹ kí wọ́n dà nù ló di dòdò Ìkirè? Ìkirè wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà obìnrin kan ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Kò ṣeé gé sí wẹ́wẹ́ mọ́, kò sì sówó òmíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ló bá po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, ó dín in nínú epo pupa, àwọn tó tọ́ ọ wò sì padà wá bèèrè sí i.

Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dúdú, kí inú rẹ̀ sì rọ̀ débi pé ìka lásán lè tẹ̀ ẹ́ fọ́. Wọ́n á bó o, wọ́n á fọ́ ọ sí kéékèèké, wọ́n á bu ata gígún àti iyọ̀ sí i. Inú epo pupa ló máa wà títí á fi pọ́n, tí ara rẹ̀ á fi fẹ́ máa dúdú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ kó dì. Bí ọkọ̀ bá ti rọra ní Ìkirè, àwọn tó ń tà á ti dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, tó ṣì le, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àbùkù àpọ́njù yẹn gan-an ni iṣẹ́ ń fẹ́.

Ṣé o mọ ohun tó ń mú kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ dùn? Sítáàṣì ló kún inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù. Bó ṣe ń pọ́n ni sítáàṣì náà ń di ṣúgà díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù fi ń tètè dúdú nínú epo. Ní 1912, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ṣàlàyé bí ṣúgà àti èròjà inú amáradàgbà ṣe ń para pọ̀ nínú iná. Òun ló ń mú èèpo búrẹ́dì pọ́n, tó sì ń mú ẹran sísun ta sánsán. Kí nǹkan pọ́n yàtọ̀ sí kó jóná, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàrin àwọn méjèèjì.

Ṣé o mọ̀ pé àjọ ńlá kan dúró lórí ìyẹ̀fun tí kò rí àyè wú? Ìwé Ẹ́kísódù orí kejìlá sọ pé wàràwàrà ni wọ́n lé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jáde ní Íjíbítì, ìwúkàrà kò tíì wọ ìyẹ̀fun tí wọ́n pò. Wọ́n gbé e lé èjìká pẹ̀lú ọpọ́n rẹ̀, wọ́n sì fi ṣe àkàrà pẹlẹbẹ lójú ọ̀nà. Títí dòní, àkàrà àìwú ni àwọn Júù fi ń ṣe Ìrékọjá. Alábúrẹ́dì kankan ò ní pe irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ tó parí, àmọ́ ó ti bọ́ ìran lẹ́yìn ìran.

Ṣé o mọ̀ pé ọtí tó bàjẹ́ ló là wá lójú nípa yíìsì? Ní 1856, ní ìlú Lille nílẹ̀ Faransé, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Bigo ń fi bíìtì pọn ọtí. Àwọn àgbá kan ń kan lọ́wọ́ rẹ̀ dípò kí wọ́n di ọtí, ló bá ké sí Louis Pasteur. Pasteur bu nínú èyí tó dára, ó bu nínú èyí tó bàjẹ́, ó sì fi maikirosíkópù wò wọ́n. Yíìsì róbótó ló rí nínú èyí tó dára. Nínú èyí tó kan, àwọn kòkòrò mìíràn tín-ín-rín ló kún ibẹ̀. Ọ̀nà yìí ló gbà débi tó fi fi han ayé pé ohun ẹlẹ́mìí ni yíìsì, pé iṣẹ́ tó ń ṣe lára ṣúgà ló ń di ọtí. Iṣẹ́ yẹn náà ló ń tú afẹ́fẹ́ tó ń wú búrẹ́dì.

Ṣé o mọ̀ pé omi gbígbóná lè pa búrẹ́dì rẹ kó tó dé ààrò? Yíìsì máa ń kú bí ooru bá dé nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń fẹ́. Bí ìka rẹ ò bá lè dúró nínú omi náà, yíìsì ò lè dúró níbẹ̀. Iyọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ló ń dá yíìsì lọ́wọ́ kọ́ kó má sáré jù. Ẹni tó bá gbàgbé iyọ̀ á rí i pé ìyẹ̀fun rẹ̀ á tètè ga, á sì tètè wọlẹ̀, búrẹ́dì náà á wá tẹ́ lẹ́nu.

Ṣé o mọ̀ pé àlìkámà tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀ ló bí cornflakes? Ní 1894, ní Battle Creek ní Michigan, Dókítà John Harvey Kellogg àti àbúrò rẹ̀, Will Keith, ń wá oúnjẹ tí kò ní le fún àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn wọn. Àlìkámà tí wọ́n sè wà nílẹ̀ títí ó fi ṣá. Wọn ò fẹ́ fi ṣòfò, wọ́n bá kì í bọ àárín irin méjì tó ń yí. Kàkà kó jáde ní odindi kan, ọkà kọ̀ọ̀kan di pẹlẹbẹ tirẹ̀. Wọ́n yan án, ó sì ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà rèé: wọ́n tún fi àlìkámà mìíràn sílẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó pẹ́, kí wọ́n lè mọ ohun tó fa pẹlẹbẹ yẹn. Wọ́n gba ìwé àṣẹ oní-ǹkan lórí rẹ̀ ní 1896. Ní 1906, Will Keith dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ti àgbàdo, èyí tí àwọn ọmọ Ìbàdàn ń da mílíìkì sí kí wọ́n tó lọ síléèwé.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìtàn àṣìṣe ló rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́? Wọ́n ní Stéphanie Tatin, tí òun àti àbúrò rẹ̀ Caroline ni ilé-ìtura kan ní Lamotte-Beuvron nílẹ̀ Faransé, jẹ́ kí èso ápù jóná díẹ̀ nínú ṣúgà, ó fi ìyẹ̀fun bò ó, ó sì dojú rẹ̀ dé sínú àwo fún àlejò. Orúkọ ìdílé wọn ni oúnjẹ náà ń jẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n kí tiwọn tó gbajúmọ̀ ni àwọn ará agbègbè Sologne yẹn ti ń ṣe irú rẹ̀.

Wọ́n tún ní ṣokoléètì ló tán lọ́wọ́ Ruth Wakefield, ní Toll House Inn ní Massachusetts, ló ṣe gé ṣokoléètì mìíràn sínú bisikíìtì rẹ̀, tí kò sì yọ́. Obìnrin yìí kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ níléèwé, ó ti kọ ìwé oúnjẹ, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀ọ́mọ̀ dán bisikíìtì náà wò títí ó fi dára ni, ní àwọn ọdún 1930. Ó máa ń dùn mọ́ni láti gbọ́ pé oríire já lu ènìyàn, òun ni wọ́n fi ń bo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ara tó kọ ẹyin ló bí kọ́sítáàdì? Alfred Bird jẹ́ apòògùn ní Birmingham ní Ìlú Ọba. Ẹyin kò bá ìyàwó rẹ̀, Elizabeth, lára mu, bẹ́ẹ̀ náà ni yíìsì. Ní 1837, Bird fi ìyẹ̀fun àgbàdo ṣe kọ́sítáàdì tí kò ní ẹyin. Ní 1843, ó ṣe bákìn páúdà tó ń wú búrẹ́dì láìsí yíìsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ro kọ́sítáàdì láàárọ̀, ìbátan ògì lẹ ń rò: sítáàṣì àgbàdo ni àwọn méjèèjì, àfi pé ògì ti kan kó tó dé orí iná.

Ṣé o mọ̀ pé ẹbí bákìn sódà ti wà nínú igbá aláta láti ọjọ́ pípẹ́? Kánún ni. Òun ni wọ́n fi ń se ẹ̀wà kó tètè rọ̀, òun ni wọ́n sì ń fi sí ewédù kó lè yọ̀. Bákìn sódà àti kánún wá láti ìdílé kan náà. Kí bákìn páúdà tó dé, ohun tí wọ́n ń yọ nínú eérú igi ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wú kéèkì. Ó wà nínú ìwé oúnjẹ Amelia Simmons tó jáde ní 1796. Bí ọ̀kankan nínú wọn bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ, ẹnu á máa gbọ́ ọṣẹ, kò sì sí àtúnṣe rẹ̀. Nǹkan kíkan bíi oje ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí mílíìkì tó ti kan ló ń pa á kó tó wọ iná.

Ṣé o mọ̀ pé òṣìṣẹ́ rélùwéè ni ẹni tí wọ́n ń pè ní ọba búrẹ́dì Nàìjíríà tẹ́lẹ̀? Ọmọ Jàmáíkà ni Amos Shackleford. Ó dé Èkó ní 1913 láti ṣe akọ̀wé nínú iṣẹ́ rélùwéè. Ní 1921, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì. Òun ló mú ẹ̀rọ tó ń tẹ ìyẹ̀fun pípò láàrin irin róbótó méjì wá sí ilẹ̀ wa. Ìyẹ̀fun tí irin bá ti tẹ̀ báyìí máa ń dì, á sì máa fà bí ènìyàn bá fà á ya. Ní Yúróòpù, búrẹ́dì tí inú rẹ̀ kún fún ihò ni ọ̀pọ̀ alábúrẹ́dì ń fi yangàn, wọ́n lè pe èyí tó dì báyìí ní èyí tí kò wú tó. Lọ́dọ̀ wa, búrẹ́dì Agége tí kò bá dì, tí kò fà, kò tíì jẹ́ búrẹ́dì. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló ń sọ ohun tó jẹ́ àbùkù.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn alábúrẹ́dì Nàìjíríà ti la ọdún márùn-ún kọjá láìsí àlìkámà òkèèrè tó bófin mu? Ní oṣù kìíní 1987, ìjọba Ibrahim Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé. Búrẹ́dì di ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ ààrò tutù. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀gẹ́ mọ́ ìwọ̀nba èyí tí wọ́n rí. Búrẹ́dì ń sán, ó ń wó, ó ń le bíi pákó.

Ohun tó fà á kò fara sin. Àlìkámà ní èròjà kan, gluten, tó máa ń di àwọ̀n bí a bá fi omi pò ó. Àwọ̀n yìí ló ń mú afẹ́fẹ́ yíìsì dání. Ẹ̀gẹ́ kò ní in rárá, nítorí náà afẹ́fẹ́ á jáde lọ, búrẹ́dì á sì jókòó sílẹ̀. Ní IITA nílùú Ìbàdàn níbí, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, àti ní FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, àwọn onímọ̀ gbájú mọ́ ọ̀ràn náà. Ibi tó já sí ni pé bí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó dára bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, àwọ̀n àlìkámà ṣì lè gbé e, ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò sì ní fura. Wọ́n ká òfin yẹn kúrò ní 1992, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́wàá yìí ni ìjọba Ọbásanjọ́ padà gbé kalẹ̀ fún àwọn onílé-ìyẹ̀fun. Ní 2012, ìjọba Jonathan tún gbé búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ lárugẹ, ó sì bu owó lé ìyẹ̀fun àlìkámà tó ń wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé ilé ìdáná wa kún fún oúnjẹ tí ohun tó jọ àbùkù lára rẹ̀ di iyì rẹ̀? Gàrí Ìjẹ̀bú: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n jẹ́ kó pẹ́ kó lè kan dáadáa, kíkan rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń tà á. Kúlíkúlí: ìyókù ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán. Wàrà: mílíìkì tí wọ́n fi ewé bọmubọmu mú dì. Irú: igbá sísè tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ títí ó fi ń rùn. Èlùbọ́: iṣu tí wọ́n gbẹ kó má bàa jẹrà, tó dúdú, tó wá di àmàlà tí Ìbàdàn ò lè fi ṣeré. Ata ẹ̀wà Àgànyìn: wọ́n dín epo àti ata gbígbẹ títí ó fi dúdú, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní ó ti jóná.

Ṣé o mọ̀ pé fíríìjì máa ń mú búrẹ́dì le kíákíá? Kì í ṣe pé omi inú rẹ̀ gbẹ nìkan. Sítáàṣì tó rọ̀ nínú ààrò ló ń tún ara rẹ̀ tò, ó sì yá jù nínú òtútù fíríìjì ju lórí tábìlì lọ. Fírísà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń dá gbogbo rẹ̀ dúró. Bí búrẹ́dì bá sì ti le, wọ́n omi díẹ̀ sí i lára kí o gbé e sínú ooru. Inú rẹ̀ á tún rọ̀. Tètè jẹ ẹ́, torí bó bá tún tutù, á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ìlú tó ń jẹ búrẹ́dì kò ṣàìní ọgbọ́n fún èyí tó le? Ní Rọ́ṣíà, wọ́n ń fi búrẹ́dì dúdú tó ti gbẹ pọn ohun mímu tí wọ́n ń pè ní kvass. Ní Tuscany ní Ítálì, wọ́n ń rẹ ẹ́, wọ́n á sì pò ó mọ́ tòmátò àti àlùbọ́sà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń da mílíìkì àti ẹyin lé e, wọ́n á sì yan án ní búrẹ́dì pudín. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń rì í sínú ẹyin lílù, wọ́n á dín in. Ẹni tó bá sì lọ̀ ọ́ kúnná ti ní ìyẹ̀fun tí yóò fi bo ẹja tàbí ẹyin kó tó dín in.

Ṣé o mọ ohun tó ń mú kéèkì wọlẹ̀ láàrin? Lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀kùn ófùùnù ló kọ́kọ́ fà á: wọ́n ṣí i nígbà tí kéèkì ṣì rọ̀, ooru jáde, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sún kì, kò sì tíì sí egungun tó lè gbé e ró. Bákìn páúdà tó pọ̀ jù náà ń ṣe é: ihò inú rẹ̀ á tóbi, á bẹ́, kéèkì á jókòó. Ṣúgà tó pọ̀ jù náà ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó dì.

Ṣé o mọ ohun tí o lè fi èyí tó bàjẹ́ ṣe? Kéèkì tó wọlẹ̀: gé àárín rẹ̀ kúrò, kó èso sí ojú ihò náà, tàbí fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kí o tò ó sínú ife pẹ̀lú kọ́sítáàdì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ìyẹ̀fun tó kọ̀ láti wú: nà án pẹlẹbẹ, kí o yan án lórí páànù gbígbẹ; tàbí fi ṣúgà sí i, kí o gé e ṣe ṣinṣín. Ìyẹ̀fun tó wú jù tó ti ń kan: má ṣe dà á nù, bu díẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun ọ̀la, òun ni yóò fún un ládùn. Àwọn ìyá ológì mọ èyí tipẹ́, omi kíkan àná ni wọ́n ń dà sí ògì tuntun kó tètè kan.

Ṣé o mọ ibi tí ọgbọ́n yìí ń parí sí? Búrẹ́dì tó bu kò ṣeé gbà là. Èyí tí ojú rí lára rẹ̀ kéré sí èyí tó ti ta gbòǹgbò sínú, nítorí náà, gígé ibi tó bu kúrò kò tó. Kò yẹ kí ènìyàn lọ̀ ọ́, kò yẹ kó dín in, kò sì yẹ kó fi bọ́ adìyẹ. Èyí tó jóná di èédú náà, bí ọ̀bẹ bá ha á títí tí kò mọ́, kí ó máa lọ.

Àwọn àgbà ní bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú gbogbo èyí tí a kà yìí, ẹni tó wo ẹ̀yìn ló jèrè: Pasteur bu nínú àgbá tó bàjẹ́, àwọn Kellogg tún fi àlìkámà mìíràn sílẹ̀, àwọn onímọ̀ wa wádìí ìdí tí ẹ̀gẹ́ kò fi wú. Àṣìṣe nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́rọ̀, ìmọ̀ iṣẹ́ ló ń sọ ọ́ di nǹkan. Nítorí náà, bí tìrẹ bá kọ̀ lọ́la, tọ́ ọ wò kí o tó nawọ́ sí àkìtàn. Kọ ohun tí o ṣe sílẹ̀: ìwọ̀n omi, ìwọ̀n ìyẹ̀fun, bí iná ṣe rí, bó ṣe pẹ́ tó. Bó bá jẹ́ pé ó dùn, ìwọ nìkan ni wàá mọ bí a ṣe ń tún un ṣe, wàá sì lè gbé e lọ Ọjà'ba lọ tà.